Anthony Nesty: Òmùwẹ̀ Tí Omi Ò Gbé Lọ

"Òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ." Ohun tí màmá mi máa ń sọ nìyẹn nígbàkúùgbà tí mo bá ní mo fẹ́ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín náà ti gbọ́ ọ nílé. Lọ́sẹ̀ yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn òmùwẹ̀ kan tí omi ò gbé lọ, ká lè jọ yẹ òwe yẹn wò dáadáa.

Anthony Nesty lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Trinidad lọ́jọ́ 25, oṣù kọkànlá, ọdún 1967, ṣùgbọ́n kò tíì pé ọmọ ọdún kan tí ẹbí rẹ̀ fi gbé e lọ sí Suriname. Orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni Suriname. Ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ni àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Nesty nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí lúwẹ̀ẹ́, bàbá rẹ̀ ló sì tì í sí i.

Púùlù kan ṣoṣo tó gùn tó mítà 50, irú èyí tí wọ́n fi ń díje ní Òlíḿpíìkì, ló wà ní gbogbo Suriname. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 16, ó lọ sí Òlíḿpíìkì ọdún 1984 ní Los Angeles. Ipò kọkànlélógún ló ṣe. Kò tìtorí ìyẹn bínú kúrò nínú omi o. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bolles ní Florida, níbi tó ti ń kàwé, tó sì ń lúwẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ 21, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1988, ní Seoul, ni ayé mọ̀ ọ́n. Ìdíje mítà 100 ni, lọ́nà tí wọ́n ń pè ní labalábá: ọwọ́ méjèèjì á jọ yọ lókè omi bí ìyẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì á jọ gbá omi. Matt Biondi ará Amẹ́ríkà, tó gba mẹ́dàlì méje ní Seoul, ni gbogbo èèyàn ń wò. Biondi náà ló sì wà níwájú. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kan ògiri, kò ju ọwọ́ mọ́, ó jẹ́ kí omi máa gbé òun lọ. Nesty ní tiẹ̀ ò sinmi títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ògiri. Nesty: 53.00. Biondi: 53.01.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Tí a bá fi 53 pín mítà 100, nǹkan bíi mítà 1.89 ni Nesty ń lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ wá wo ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn lórí rúlà yín: kò tó sẹ̀ǹtímítà 2! Ohun tí wọ́n fi ju ara wọn lọ nìyẹn.

Báyìí ni Nesty ṣe di ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà nínú ìlúwẹ̀ẹ́ ní Òlíḿpíìkì. Ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní Perth lọ́dún 1991, ó sì gba idẹ ní Barcelona lọ́dún 1992. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó di kóòṣì ní Yunifásítì Florida. Lára àwọn tó kọ́ ni Katie Ledecky. Ní Òlíḿpíìkì Paris lọ́dún 2024, òun ni olórí kóòṣì fún àwọn ọkùnrin òmùwẹ̀ Amẹ́ríkà. Aláwọ̀ dúdú kankan ò dé ipò yẹn rí ṣáájú rẹ̀.

Kí ló wá kan àwa ọmọ Ọ̀ṣọ́dì àti Ìsọlọ̀ níbẹ̀? Ẹ rántí Òkè-Afa. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 2002, bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí bú ní bárékè sójà ní Ìkẹjà. Àwọn èèyàn sá nínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀ sì kó sínú kánáàlì Òkè-Afa, tí ewéko bo ojú rẹ̀. Àwọn tó kú lọ́jọ́ yẹn lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ló sì kú sínú omi yẹn. Mi ò sọ pé ìlúwẹ̀ẹ́ ìbá gba gbogbo wọn là, torí èrò ń tẹ èrò mọ́lẹ̀. Àmọ́ kò sí ìkankan nínú wọn tó lọ ṣeré lódò. Omi ló wà lọ́nà tí wọ́n sá gbà.

Nítorí náà, òwe àwọn àgbà ò parọ́. Ẹni tó bá ń fi omi ṣe fọ́rífọ́rí lòwe náà ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ. Ẹ má lọ kọ́ ọ nínú kánáàlì o! Ẹ̀gbin àti ọ̀gbàrá ló kún ibẹ̀. Púùlù ni ká ti kọ́ ọ, lójú kóòṣì, kí àwọn òbí wa sì mọ̀ sí i. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bá àwọn òbí sọ ọ́ ní ìpàdé tó ń bọ̀, bóyá a lè máa háyà púùlù lọ́jọ́ Sátidé.

Mo ti ka àròkọ yìí fún màmá mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ nígbà tí mo dé ibi Òkè-Afa. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mú kóòṣì yẹn wá, kí àwọn rí i ná.