Fóònù àti Ìtọ́jú Ẹni tí Àrùn Ọpọlọ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Bá

Ẹ̀yin ará, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń rí àwọn ọ̀dọ́ lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fẹ́ sọ ní gbangba. Bí ọ̀dọ́ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí ó sì ń fura pé àwọn ará ilé rẹ̀ ń dọdẹ òun, ó lè jẹ́ pé ohun tí à ń pè ní wèrè ni ó ń bọ̀. Àwọn àgbà a máa wí pé wèrè tí ó bá ti wọ ọjà kò ṣe é wò mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ìtọ́jú tètè dé bá a máa gbádùn ju ẹni tí a fi pamọ́ sí yàrá fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ.

Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo mọ èyí. Ní Aró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé, olúkúlùkù pẹ̀lú ìbátan kan tí ń se oúnjẹ fún un, wọ́n sì ń ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú.

Nísinsìnyí àwọn oníṣègùn ń wá ọ̀nà tí fóònù yóò fi dúró ti aláìsàn nínú ilé rẹ̀. Ní Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a dán ètò inú fóònù kan tí ń jẹ́ Actissist wò fún ọ̀sẹ̀ 12. A sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2018. A ó bi aláìsàn léèrè nípa ohùn tí ó gbọ́ tàbí ìfura tí ó mú un, a ó sì fi ọ̀nà mìíràn tí ó lè gbà ro ọ̀ràn náà hàn án. Ènìyàn 36 péré ni ó wà nínú ìdánwò náà. Kò tó láti fi ṣe ìdájọ́.

Èyí tí ó wù mí jù ni ti Ìlú Benin, tí kò jìnnà sí wa. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni a fi ránṣẹ́ sí àwọn aláìsàn láti rán wọn létí ọjọ́ tí wọn yóò padà wá. Ìwádìí tí a tẹ̀ ní ọdún 2017 fi hàn pé àwọn tí ó rí i gbà kò pa ọjọ́ náà jẹ tó àwọn tí kò rí i gbà. Fóònù kékeré tí ìyá àgbà ń lò lóko tó fún èyí. Ẹni tí ó ti Ìkẹ́rẹ́ wọkọ̀ lọ sí Adó, tí a ní kí ó padà wá lẹ́yìn oṣù kan, a máa gbàgbé, òògùn a sì tán.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fura lè fura sí fóònù pẹ̀lú. Kí a má ṣe yọ́ wo ohun tí ó kọ sínú rẹ̀. Bí ó bá sì di òru tí ó fẹ́ pa ara rẹ̀ lára, fóònù kò lè dì í mú. Ẹbí ni yóò gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn, ó sì yẹ kí nọ́ńbà nọ́ọ̀sì ti wà lọ́wọ́ wọn ṣáájú.