Ajá Tí Ń Fò Mọ́ Àlejò

Bí àlejò bá kan géètì ní Ìkòtún, ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí ní Ìgàndò, ajá ni yóò kọ́kọ́ dá a lóhùn. Onílé yóò sì máa ké láti inú ilé pé, "Ẹ wọlé, ẹ má bẹ̀rù, kì í bu ènìyàn jẹ!" Kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ajá ti gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àlejò láyà, aṣọ funfun ti di alábàwọ́n. Bí àlejò náà bá jẹ́ ìyá arúgbó, ó lè ṣubú. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, yóò sá. Ajá tí ń ṣeré yóò sì lé ọmọ tí ń sá, ẹnu rẹ̀ a sì kan ọmọ. Nítorí èyí ni a ṣe mú ọ̀rọ̀ ajá wá sí ojú ìwé ìlera.

Kì í ṣe ìwà burúkú ni ó ń mú ọ̀pọ̀ ajá fò mọ́ ènìyàn. Nígbà tí ó wà ní kékeré, ẹnu ìyá rẹ̀ ni ó máa ń lá bí ìyá bá dé. Ẹnu tiwa ga jù ú lọ, ni ó ṣe ń fò. Àwa a máa rẹ́rìn-ín, a máa fi ọwọ́ ra á lórí. Nígbà tí ó bá tóbi tán, a óò wá máa tì í, a óò máa pariwo lé e lórí. Lójú ajá, eré náà ni gbogbo rẹ̀.

Ivan Pavlov, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904, fi hàn pé bí ajá bá ti ń gbọ́ ìró kan ṣáájú oúnjẹ, bó pẹ́ bó yá, itọ́ yóò máa dà lẹ́nu rẹ̀ bí ó bá ti gbọ́ ìró náà nìkan. Ìró géètì ni ti ajá wa. Ohun tí ẹ bá so mọ́ ìró náà ni ajá yóò máa retí.

Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró de àlejò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ẹ mú ẹran bín-ín-tín, ẹ gbé e sókè imú ajá, ẹ rọra fà á sí ẹ̀yìn orí rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ ti ń tẹ̀lé ẹran, ìdí rẹ̀ yóò kanlẹ̀. Ẹ sọ pé "Jókòó", kí ẹ sì fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kí gbogbo ará ilé fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: bí bàbá bá ń wí pé "Jókòó", tí ìyá ń wí pé "Dúró jẹ́ẹ́", tí àwọn ọmọ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sí i, ta ni kí ajá gbọ́ tirẹ̀?

Nígbà tí ó bá mọ èyí, kí ọmọ ilé kan jáde lọ kan géètì. Bí ajá bá sáré, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀rọ̀. Bí ó bá jókòó, ẹ fún un ní ẹran. Lẹ́yìn èyí, ẹ bẹ aládùúgbò kan. Ẹ fi okùn mú ajá, kí aládùúgbò máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ajá bá fò, kí ó yí ẹ̀yìn padà. Bí ó bá jókòó, kí ó súnmọ́ ọn. Kí ó má ṣe tẹjú mọ́ ajá lójú. Títí ẹ̀kọ́ yóò fi wọlé, kí ajá wà lórí okùn tàbí nínú àgọ́ rẹ̀ kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn fún àlejò.

Ajá tí ó wà lórí ẹ̀wọ̀n láti òwúrọ̀ dé alẹ́ kò lè ṣe jẹ́ẹ́. Ẹ mú un rìn kí oòrùn tó mú, lórí okùn, nítorí ọ̀kadà.

Àwọn kan gbà pé pàṣán ni oògùn rẹ̀. Àwa kò gbà. Ajá tí a ń nà nígbàkígbà tí àlejò bá dé yóò gbà pé àlejò ni ó ń mú ìyà wá. Bí ẹ bá sì ń nà á nítorí pé ó ń kùn, yóò dákẹ́ kíkùn, yóò sì máa bu ènìyàn jẹ láìkìlọ̀. Ajá tí ara rẹ̀ le gbagidi, tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, tí ó ń kùn, kì í ṣe eré ni ó ń ṣe. Ẹ pe dókítà ẹran kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kankan fún irú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kù. Ajá ọmọ oṣù mẹ́ta ti tó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí ó sì máa gbà á lọ́dọọdún. Bí àrùn dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó sábà máa ń já sí. Ṣùgbọ́n a lè dènà rẹ̀ bí a bá tètè ṣe é. Ní Paris ní 1885 ni Louis Pasteur kọ́kọ́ gba irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ là: Joseph Meister, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ajá bù jẹ.

Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ìbáà jẹ́ ajá ilé yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má ṣe fi ata, epo tàbí àgbo sí i. Ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ti ìjọba ní Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndò. Abẹ́rẹ́ náà ju ẹyọ kan lọ; kí ó gbà á pé, bí ọgbẹ́ tilẹ̀ ti jinná. Ẹ má ṣe pa ajá náà, ẹ sé e mọ́ kí dókítà ẹran lè máa wò ó fún ọjọ́ 10. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bù jẹ kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ náà.