Àpótí Ìmọ̀: Ìrànwọ́ Owó fún Ìgbàṣọmọ ní Amẹ́ríkà

Owó agbẹjọ́rò, owó ilé ẹjọ́, owó ìwádìí ilé: ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá gba ọmọ ṣọmọ nípasẹ̀ iléeṣẹ́ aládàáni lè ná ju $20,000 lọ.

Ẹ̀dínwó owó-orí láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ wà fún irú wọn. Ní 2025, ó lè tó $17,280 lórí ọmọ kan. Ọdún yẹn náà ni òfin tuntun fàyè gbà á pé kí ìjọba san tó $5,000 nínú rẹ̀ lówó fún ìdílé tí owó-orí wọn kò tó nǹkan. Àtúnṣe gidi nìyí fún mẹ̀kúnnù.

Ní ti ọmọ tó wà lábẹ́ àbójútó ìpínlẹ̀, ìnáwó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ rárá. Bí ìpínlẹ̀ bá kà á mọ́ àwọn tó ṣòro láti rí òbí fún, bóyá nítorí ọjọ́ orí tàbí àìlera, ìdílé lè gba owó oṣooṣù lábẹ́ ètò tí òfin ọdún 1980 dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tètè béèrè o! Ó yẹ kí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn kí ilé ẹjọ́ tó fàṣẹ sí ìgbàṣọmọ náà.

Àwọn ológun náà lè gba tó $2,000 padà lórí ọmọ kan.