Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé: Bí Àná Bá Sọnù, Òní Ṣì Wà

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó èlé tàbí ti owó yíyá, ṣùgbọ́n ó kan owó, ó kan ilé, ó sì kan ọjọ́ ogbó gbogbo wa. A fẹ́ kọ́ bí a ti lè ran àgbàlagbà tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà lọ́wọ́, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ sórí ohun tó wà níwájú rẹ̀ lónìí. Kí akọ̀wé kà á sókè ní ìpàdé, kí ẹ sì jíròrò lé e lórí.

ÀPẸẸRẸ KAN

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo màmá kan ní Onírèké, ẹni tó ti ń dá owó nínú ẹgbẹ́ láti ìgbà tó ti ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó san owó rẹ̀, akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé. Lónìí ó tún padà wá, ó ń bínú pé wọ́n ti kó owó òun jẹ. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ó ti ń ṣarán, ẹnì kan tilẹ̀ ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ayé nínú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó tẹ̀ lé e wá ń pariwo pé, "Màmá, ẹ ò rántí ni? Ṣebí ojú yín ni wọ́n ṣe kọ ọ́!" Bí ó ti ń pariwo ni ara màmá túbọ̀ ń gbọ̀n. Ta ló jèrè nínú ariwo yìí? Kò sí ẹnì kan.

KÍ NI ÀRÙN NÁÀ?

Gbogbo wa ni à ń gbàgbé. Bí ènìyàn bá gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, tó sì padà rántí, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣìnà lójú ọ̀nà ilé tó ti ń gbà láti ogún ọdún, tàbí tí kò lè ka owó mọ́, ọpọlọ ló ń ṣàìsàn. Dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ló ṣàlàyé irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù ní ọdún 1906. Irú mìíràn ń ti ara ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn rọpárọsẹ̀ wá. Kò sí ọwọ́ ayé níbẹ̀, kì í sì í ṣe èpè.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àrùn òyìnbó ni. Ní ọdún 1992, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Oṣuntókun wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Ní àdúgbò Ìdíkàn, nínú ìlú Ìbàdàn yìí, wọ́n yẹ àgbàlagbà 2,494 wò, àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1995 fi hàn pé nínú 100 àgbà ní Ìdíkàn, ẹni bíi 2 ló ní àrùn náà. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis, ó tó ẹni 8. Tiwa kéré sí tiwọn, ṣùgbọ́n ó wà láàárín wa.

Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá. Síbẹ̀, àwọn nǹkan mìíràn wà tó jọ ọ́ tí dókítà lè wò: ibà, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àti oògùn tí kò bá ara mu. Nítorí náà, àyẹ̀wò ni kó ṣáájú. Láti ọdún 2012 ni UCH ti ní ibùdó tí a kọ́ fún ìtọ́jú àwọn àgbà.

FÍFI ỌKÀN SÍ OHUN TÓ WÀ NÍWÁJÚ ẸNI

Ẹ̀kọ́ yìí ti pẹ́ láàárín àwọn ẹlẹ́sìn Búdà. Ní ọdún 1979, Jon Kabat-Zinn mú un wọ ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà, láìfi ẹ̀sìn kún un. Ìwádìí lórí bí ó ti ń ran àwọn tó ní àrùn ìgbàgbé lọ́wọ́ kò tíì pọ̀, kò sì wo àrùn náà sàn. Èrè tí a ń wá nínú rẹ̀ ni ìfọ̀kànbalẹ̀, fún aláìsàn àti fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Àná ti ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ní àrùn yìí, ọ̀la sì ń dẹ́rù bà á. Òní ló kù sí i lọ́wọ́. Bí a bá ń bi í léèrè àná ṣáá, ńṣe ni à ń béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti jí àpò rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ ohun tó tutù, imú rẹ̀ ṣì ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀, etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ oríkì rẹ̀.

Ní Lálúpọn, lójú ọ̀nà Ìwó, àwọn oníṣègùn ti dán ohun tó súnmọ́ èyí wò. Wọ́n ń kó àwọn àgbà tó ní àrùn náà jọ fún ọ̀rọ̀ sísọ àti eré tó ń jí ọpọlọ. Ìjókòó 14 ni wọ́n ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 7, wọ́n sì rí i pé ó ṣeé ṣe ní ilẹ̀ wa.

BÍ A TI Ń ṢE É NÍLÉ

1. Ẹ yan àkókò kan náà lójoojúmọ́, bí àárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ pa rédíò. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

2. Ẹ jókòó tì í. Kí ẹ̀yin méjèèjì gbé ọwọ́ lé ikùn, kí ẹ máa mí wọlé, kí ẹ máa mí jáde díẹ̀díẹ̀. Bí dídi ojú bá ń dẹ́rù bà á, kó la ojú rẹ̀ sílẹ̀.

3. Ẹ fi iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ fún un: kó máa bó ẹ̀gúsí, kó máa ṣa ẹ̀wà, tàbí kó máa já ewédú. Ẹ má bi í pé, "Ẹ rántí?" Ẹ bi í pé, "Màmá, ṣé ó tutù lọ́wọ́ yín? Báwo ni òórùn rẹ̀ ti rí?"

4. Ẹ kì í ní oríkì rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tàbí kí ẹ jọ kọ orin tó fẹ́ràn.

5. Bí kò bá fẹ́ ṣe é lọ́jọ́ kan, ẹ fi í sílẹ̀. A kì í fi tipátipá fa ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àgbà náà, ẹ̀kọ́ yìí kàn yín. Kí ẹ tó dáhùn ọ̀rọ̀ tó ti sọ nígbà mẹ́wàá, ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ká ní ọmọ màmá wa yẹn ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ì bá di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, kó sọ pé, "Màmá, owó yín kò ní sọnù. Ẹ jẹ́ kí á jọ jókòó." Ẹ kíyè sí i pé kò purọ́ fún un, kò sì bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ àgbà kan bá ṣàdédé dàrú láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá.

IṢẸ́ ẸGBẸ́

Bí a bá fẹ́ kí òní tu àgbà lára, àwa ẹgbẹ́ ni kó bá a tọ́jú àná. Ohun tí ọkàn kò rántí mọ́, kí ìwé rántí rẹ̀. Kí akọ̀wé máa kọ owó irú ọmọ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí, kó sì fi sùúrù ṣí ìwé hàn án iye ìgbà tó bá béèrè. Kí ẹnikẹ́ni má mú un ṣe onídùúró fún owó tí kò yé e. Kí olúkúlùkù wa yan ẹni tí owó rẹ̀ yóò bọ́ sí lọ́wọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀, nígbà tí orí rẹ̀ ṣì pé. Kí a má sì lé e kúrò ní ìpàdé. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ ni ẹgbẹ́ yìí jẹ́ fún àwọn tó fi kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ wò ó dàgbà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ló yàtọ̀ láàárín ìgbàgbé lásán àti àrùn ìgbàgbé?

2. Kí nìdí tí "Ẹ rántí?" fi ń pa aláìsàn lára?

3. Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa tí a kò rí ní ìpàdé mẹ́ta sẹ́yìn? Ta ni yóò lọ kí i kí oṣù yìí tó parí?