Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì náà ń fẹ́ kí a ti ro ó sílẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀nà àkọ́kọ́ bá dí ni ọ̀pọ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá àdá. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ olórin mọ ìtàn François-André Danican Philidor.

Ìlú Dreux ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1726, nínú ìdílé tó fi orin ṣiṣẹ́ ìran. Ọmọdé ni nígbà tó wọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ọba ní Versailles. Àwọn olórin ibẹ̀ kò gbọdọ̀ ta káàdì bí wọ́n bá ń dúró de ìsìn. Ṣẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń ta. Ọmọ náà ń wò wọ́n títí ó fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tó dé Paris, tó ń da orin kọ, tó sì ń kọ́ni lórin kó lè rí jẹ, ó wá ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì lọ: Légal, ògbóǹtarìgì ilé kọfí Café de la Régence.

Ní 1745, ó bá àwọn olórin kan lọ ṣeré ní Nẹ́dálándì. Ọmọbìnrin tí wọ́n gbójú lé nínú eré náà kú, eré dà rú, Philidor há sí Rotterdam láìlówó lọ́wọ́. Ṣẹ́ẹ̀sì ló bọ́ ọ. Kì í kúkú ṣe Rotterdam ló ti kọ́ ọ. Ìgbà tí orin ṣì ń mówó wọlé ló ti mọ̀ ọ́n dunjú.

Ó dé London, ó borí Philip Stamma, ọmọ Aleppo tí òun náà ti kọ̀wé lórí ṣẹ́ẹ̀sì. Lójú tèmi, ohun tó ṣe ní 1749 ju ìyẹn lọ: ó kọ ìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún 23 lọ. Ó ṣàlàyé pé àwọn ọmọ ayò kéékèèké iwájú, mẹ́jọ-mẹ́jọ, tí àwọn èèyàn ń fi ṣòfò, ni ẹ̀mí eré náà. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Kò sì torí ìyẹn pa orin tì. Ó padà sí Paris ní 1754. Eré olórin rẹ̀, Blaise le savetier, jáde ní 1759, Tom Jones ní 1765. Lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀, nígbà tí rògbòdìyàn ilẹ̀ Faransé ká a mọ́ London, ṣẹ́ẹ̀sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú níbẹ̀ ní 1795.

Ìwọ tó ń tẹ dùùrù, ìwọ onílù, wo ohun tó ń wù ọ́ ṣe nígbà tí ẹ bá ń dúró de òde. Bó jẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ni, bó jẹ́ fọ́tò yíyà ni, wá ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ, kí o sìn ín. Lẹ́yìn náà, máa kọ ohun tí o bá mọ̀ sílẹ̀. Èdè Faransé ni Philidor fi kọ ìwé tó tẹ̀ ní London. Ọdún kan lẹ́yìn náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti túmọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ Yorùbá ló yá ọ lọ́wọ́ jù, Yorùbá ni kí o fi kọ tìrẹ.