Ìró Tó Ń Padà àti Etí Tó Ń Gbọ́ Ọ

Bí ẹ bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán níwájú àpáta ńlá, tí ẹ sì ké "Ẹ ǹlẹ́ o!", ẹ ó gbọ́ "Ẹ ǹlẹ́ o!" padà. Kì í ṣe iwin ló dá yín lóhùn. Ohùn yín ló lọ tó bọ̀. Gbohùngbohùn nìyẹn.

Kí ni ìró?

Ẹ fi ọwọ́ kan ọ̀fun yín, kí ẹ kùn "mmm". Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára pé ó ń gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni awọ dùndún ń gbọ̀n bí onílù bá fi kọ̀ǹgọ́ lù ú. Ohun tó ń gbọ̀n á mú kí afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbọ̀n, ìyẹn á ti èyí tó tẹ̀ lé e, títí yóò fi dé etí wa. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìró ń rin nǹkan bíi mítà 340 nínú afẹ́fẹ́.

Kí ló ń dá a padà?

Bí ìró bá kan ohun líle, bí àpáta tàbí ògiri, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ta padà. Ohun rírọ̀, bí ẹní àti aṣọ fèrèsé, ń gbé e mì. Ìdí nìyí tí ohùn fi ń dún gbọ̀ọ̀ nínú yàrá tí a kò tíì kó ẹrù sí.

Ṣùgbọ́n bí ìró bá tètè padà jù, etí kò ní lè yà á sọ́tọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Kí ẹ tó lè gbọ́ gbohùngbohùn kedere, ògiri náà ní láti jìnnà sí yín tó nǹkan bíi mítà 17.

Inú etí

Ìró á gba ihò etí wọlé, á kan awọ fẹ́lẹ́ tí à ń pè ní ìlù etí, awọ náà á sì gbọ̀n. Eegun kéékèèké mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìkẹta ló kéré jù nínú gbogbo eegun ara. Wọ́n á gbé ìgbọ̀n náà dé inú ẹ̀yà kan tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, tí omi kún inú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì onírun tín-ín-tín, nǹkan bí 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan, ló wà níbẹ̀. Bí irun wọn bá mì, iṣan á gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ. Ọpọlọ ló ń mọ̀ bóyá ohùn ọmọ ni tàbí ti hóònù ọkọ̀.

Ẹ tọ́jú etí yín

Bí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí bá kú, òmíràn kì í hù dípò wọn. Ariwo líle sì ń pa wọ́n. Bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tí ọwọ́ yín lè tó tó gbọ́ yín, ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ata àti ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ máa fi ohun ìdítí dí etí. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ibi tí ẹ ń sùn. Ẹ má fi ìyẹ́ adìẹ tàbí igi ìṣáná ro etí, kó má baà lu awọ inú rẹ̀. Bí etí bá ń dunni tàbí tó ń ṣọyún, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ìbéèrè

1. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ìró tó bá kan àpáta?
2. Eegun mélòó ló wà lẹ́yìn ìlù etí?
3. Ariwo wo ló pọ̀ jù ní àdúgbò yín? Kí ni ẹ lè ṣe sí i?