Fìríìsà tó ń ṣiṣẹ́, tó tún ń kọṣẹ́

Ẹ̀yin ẹlẹ́ja tútù, bí fìríìsà bá ń tutù, tó tún ń kọṣẹ́, ẹ má tètè sanwó gáàsì. Gáàsì kì í lọ kó tún padà. Bí kò bá jò, kì í tán.

Bó bá ń dún kẹ́, tó dákẹ́, tí gílóòbù sì ń ṣe bàìbàì, iná ni ò lágbára: ẹ pa á kó má bàa jóná. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá gbóná jù, ẹ pa á, ẹ gbọn eruku rẹ̀, ẹ sún un kúrò lára ògiri. Ẹ fi ìdérí há bébà. Bó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà rẹ̀ ti kú.

Ẹja tó bá ti rùn, a ò gbọ́dọ̀ tà á. Orúkọ gbogbo wa ló máa bàjẹ́.